IR35, umbrella, Budget: ibo gan-an ni ẹ̀rù àwọn agbaṣẹ́ṣe ní Britain ti ń wá?

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ wà nílùú ọba, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe contract, BA (business analyst) o, project manager o, developer o, nọ́ọ̀sì tó ń bá éjẹ́ǹsì ṣiṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká jọ tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Budget, ìyẹn ètò ìṣúná ìjọba, bá ti ń bọ̀, tàbí tí wọ́n bá ti ń sọ pé olórí ìjọba kan fẹ́ lọ òmíì fẹ́ dé, ọkàn àwọn agbaṣẹ́ṣe kì í balẹ̀ mọ́, ẹnìkan á ní wọ́n ti fagi lé IR35, ìyẹn ìlànà owó orí tó kan agbaṣẹ́ṣe tó ní kọ́ńpìnnì, ẹlòmíì á ní rárá o wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un le sí i ni, ẹni kẹta á ní kóun kúkú ti kọ́ńpìnnì òun pa kóun wáṣẹ́ olóṣù ṣe. Ohun témi rí ni pé nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ làwọn èèyàn ń dà pọ̀: ìlànà tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọ̀gá ara ẹ ni ẹ́ tàbí òṣìṣẹ́ ẹlòmíì, ẹni tó láṣẹ láti pinnu ẹ̀, àti iye tí owó orí fúnra ẹ̀ jẹ́. Ti àkọ́kọ́ yẹn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà láti ọjọ́ pípẹ́. Ìkejì ló dá ọ̀pọ̀ wàhálà sílẹ̀, òun sì làwọn olóṣèlú ń fi ṣe ìlérí. Ìkẹta ń jẹ wá lápò díẹ̀díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń pariwo ẹ̀ tó bó ṣe yẹ.

IR35 kì í ṣe orúkọ òfin o. Nọ́ńbà ìwé ìkéde kan ni, tí Inland Revenue, ìyẹn àjọ tó ń gbowó orí nígbà yẹn, gbé jáde lọ́jọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 1999, lọ́jọ́ tí Gordon Brown, mínísítà ìṣúná nígbà yẹn, ka Budget, òfin gan-an wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2000. Ohun tí wọ́n ń lé ni báyìí: ẹnìkan á kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Fráídè, á lọ dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀, tó bá di ọjọ́ Mọ́ńdè á padà sórí àga kan náà, tábìlì kan náà, ọ̀gá kan náà, iṣẹ́ kan náà, àmọ́ kọ́ńpìnnì ẹ̀ ni wọ́n á máa san owó fún. Á wá san owó oṣù kékeré fún ara ẹ̀, á gba èyí tó kù bíi dividend, ìyẹn èrè tí kọ́ńpìnnì ń pín fún ẹni tó ni ín, dividend ò sì ní National Insurance nínú, ìyẹn owó tí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ń san fún ìjọba lórí owó oṣù. Ilé iṣẹ́ náà ò ní san National Insurance tirẹ̀ lórí ẹ̀ mọ́, inú àwọn méjèèjì á dùn, ìjọba nìkan ni ò ní rí nǹkan gbà. Ni ìjọba bá ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣe bí ẹni pé kọ́ńpìnnì tó wà láàárín yẹn ò sí níbẹ̀, ká wo èèyàn yẹn àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún. Tó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ni ìbá jẹ́, a jẹ́ pé inú IR35 ló wà, kó sanwó orí bíi ti òṣìṣẹ́, òun ni wọ́n ń pè ní inside. Tí ò bá rí bẹ́ẹ̀, outside nìyẹn. Ẹni tí ò ní kọ́ńpìnnì rárá, tó ń ṣiṣẹ́ lórúkọ ara ẹ̀ bíi sole trader, IR35 ò kàn án, ọ̀nà míì ni wọ́n ń gbà yẹ tiẹ̀ wò.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀? Kò síbì kan tí wọ́n kọ ọ́ sí nínú òfin ní kedere pé ẹni báyìí ni òṣìṣẹ́, inú ẹjọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, ẹjọ́ tí wọ́n sì ń tọ́ka sí títí dòní ni ti ọdún 1968, nípa awakọ̀ kan tó ń kó kọnkéré fún ilé iṣẹ́ Ready Mixed Concrete, tí adájọ́ sọ pé kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn. Ìbéèrè tó ti ibẹ̀ jáde ò le. Ṣé o lè rán ẹlòmíì wá ṣe iṣẹ́ náà? Ta ló ń darí bó o ṣe ń ṣe é, ìgbà tó ò ń ṣe é, ibi tó ò ń ṣe é? Ṣé dandan ni kí wọ́n máa fún ẹ níṣẹ́, ṣé dandan sì ni kíwọ náà máa gbà á? Ẹ wo télọ̀ tẹ́ ẹ gbé aṣọ fún. Ẹ ò lè sọ fún un pé aago mẹ́jọ ni kó máa dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ ò mọ̀ bóyá ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ló rán apá, ẹ̀rọ tiẹ̀ ló fi rán an, tó bá bà á jẹ́ òun ló máa tún un rán lówó ara ẹ̀, tí aṣọ yẹn bá sì ti parí ẹ ò jẹ ẹ́ níṣẹ́ kankan mọ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara ẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá wo contractor tó ń lo láptọ́ọ̀pù oníbàárà, tó ń tọrọ ààyè kó tó lọ ìsinmi, tí lááìnì mánájà ń bá a ṣe appraisal, tó sì ti wà nílé iṣẹ́ kan náà fún ọdún mẹ́rin. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi.

Ohun tó ń tan àwọn èèyàn wa jẹ jù níbí ni ìwé. Wọ́n á ní lọ́yà ti fi substitution, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti rán ẹlòmíì wá ṣe iṣẹ́ náà, sínú contract àwọn, ó ti parí nìyẹn. Kò parí o, torí bí iṣẹ́ yẹn ṣe ń lọ lójoojúmọ́ ni adájọ́ máa ń fẹ́ mọ̀, ó sì lè pe mánájà rẹ kó wá jẹ́rìí pé òun ò ní gbà kẹ́lòmíì wá rọ́pò ẹ láéláé. Kódà àwọn adájọ́ fúnra wọn kì í sábà bára wọn mu lórí ẹ̀. Christa Ackroyd, tó ń ka ìròyìn fún BBC, pàdánù ẹjọ́ tiẹ̀ lọ́dún 2018, owó tí wọ́n ní kó san lé ní £419,000. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, Lorraine Kelly, tóun náà wà lórí tẹlifíṣàn, jàre HMRC, ìyẹn àjọ tó ń gbowó orí báyìí, lórí gbèsè tó tó £1.2 mílíọ̀nù. Iṣẹ́ méjèèjì jọra lójú wa tá à ń wò wọ́n látilé, àmọ́ ohun tó wà nínú contract àti bí iṣẹ́ ṣe ń lọ lẹ́yìn kámẹ́rà ló yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń fọkàn tán ẹni tó bá ní "ọ̀rẹ́ mi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, outside ni tiẹ̀".

Ó dáa, ìlànà nìyẹn. Ta ló wá ń lò ó? Láti 2000 títí di 2017, agbaṣẹ́ṣe fúnra ẹ̀ ló ń pinnu, tó bá sì ṣi í pinnu, kọ́ńpìnnì ẹ̀ ni gbèsè máa já lé lórí. HMRC ní ọ̀pọ̀ ló kàn ń sọ pé outside làwọn, àwọn ò sì lè máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di oṣù kẹrin 2017, lábẹ́ Theresa May, tí Philip Hammond wà nídìí ìṣúná, wọ́n gba àṣẹ yẹn kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún NHS, council, àtàwọn ilé iṣẹ́ ìjọba yòókù, wọ́n gbé e fún ẹni tó gbà wọ́n síṣẹ́. Oṣù kẹrin 2021 ni wọ́n wá mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni tó tóbi àtèyí tó wà níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ìlànà 1968 yẹn wà bó ṣe wà, ọwọ́ tó mú ọ̀bẹ ni wọ́n pààrọ̀.

Ìyẹn sì yí gbogbo nǹkan padà, torí ẹni tó bá pinnu tí ìpinnu ẹ̀ ò tọ̀nà lè di ẹni tó máa san gbèsè. Ilé iṣẹ́ ńlá wo ló máa fẹ́ gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ nítorí contractor olóṣù mẹ́fà? Àwọn kan kàn sọ gbogbo èèyàn di inside láìwo iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, àwọn báńkì ńlá kan ní àwọn ò bá oníkọ́ńpìnnì aládàáṣe ṣe mọ́ rárá, tó o bá fẹ́ ṣe, gba umbrella lọ, ìyẹn kọ́ńpìnnì tó máa gbà ẹ́ síṣẹ́ lórúkọ, tó máa yọ owó orí kó tó san owó oṣù ẹ. Tẹ́ ẹ bá sì rò pé àwọn ilé iṣẹ́ yẹn ń ṣojo lásán, ẹ gbọ́ ná: ìjọba fúnra ẹ̀ ṣi òfin tí ìjọba ṣe lò. DWP, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ń bójú tó owó ìrànwọ́ àti owó ìfẹ̀yìntì, san £87.9 mílíọ̀nù fún HMRC torí pé wọn ò pinnu bó ṣe yẹ, Home Office san £29.5 mílíọ̀nù. Àwọn tó ní lọ́yà, tó ní akaǹtáǹtì, tó ní irinṣẹ́ CEST tí HMRC fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti fi mọ inside yàtọ̀ sí outside! Láti oṣù kẹrin 2024 wọ́n ti ṣàtúnṣe kan tó mọ́gbọ́n dání, pé tí HMRC bá gbá ilé iṣẹ́ mú, kí wọ́n yọ owó orí tí contractor ti san tẹ́lẹ̀ kúrò, torí nígbà kan owó kan náà ni wọ́n lè gbà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀tọ́ kan wà níbí tọ́pọ̀ èèyàn wa kì í lò. Ilé iṣẹ́ tọ́rọ̀ yìí kàn gbọ́dọ̀ fún ẹ ní ìwé ìpinnu, Status Determination Statement, kí wọ́n sì kọ ìdí ẹ̀ síbẹ̀. Tó ò bá gbà, kọ̀wé sí wọn, ọjọ́ 45 ni wọ́n ní láti fún ẹ lésì. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Tí ilé iṣẹ́ tó ò ń bá ṣe bá sì kéré, ọwọ́ tìẹ ni ìpinnu ṣì wà bíi tàtijọ́. Ohun tí wọ́n fi ń mọ kékeré ni nǹkan mẹ́ta, kí wọ́n ní méjì nínú ẹ̀: kí owó tó ń wọlé lọ́dún má ju £10.2 mílíọ̀nù, kí dúkìá má ju £5.1 mílíọ̀nù, káwọn òṣìṣẹ́ má ju 50. Ìjọba ti gbé méjì àkọ́kọ́ yẹn sókè sí £15 mílíọ̀nù àti £7.5 mílíọ̀nù láti oṣù kẹrin 2025, àmọ́ kò dé ọ̀dọ̀ IR35 lẹ́ẹ̀kan náà, torí ìwé ìṣirò ọdún tó ti kọjá ni wọ́n máa ń wò.

Ọ̀rọ̀ olóṣèlú wá kàn. Ní ìparí 2019, bí ìbò ṣe ń bọ̀, Sajid Javid tó jẹ́ mínísítà ìṣúná ní àwọn máa yẹ àtúnṣe tó ń bọ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni wò. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́, àmọ́ kí àyẹ̀wò tó parí, Javid ti kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù kejì 2020, Rishi Sunak ti gorí àga, wọ́n ní àwọn máa ṣe é bó ṣe wà. Ọjọ́ 17 oṣù kẹta, Kòrónà dé, wọ́n sún un síwájú lọ́dún kan. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ti lé contractor wọn lọ kó tó dìgbà yẹn.

Ìyẹn ò tíì jẹ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ 2022. Mínísítà ìṣúná mẹ́rin ni Britain lò lọ́dún yẹn nìkan: Sunak, Nadhim Zahawi, Kwasi Kwarteng, Jeremy Hunt. Lọ́jọ́ 23 oṣù kẹsàn-án, Kwarteng dìde ní pálíámẹ́ǹtì lábẹ́ Liz Truss tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà yẹn, ó ní àwọn máa fagi lé àtúnṣe 2017 àti ti 2021 láti oṣù kẹrin 2023. Ayọ̀ gbòde! Ọ̀pọ̀ rò pé IR35 ti kú, kò sì rí bẹ́ẹ̀, òfin ti ọdún 2000 ì bá ṣì wà níbẹ̀ digbí, kìkì pé agbaṣẹ́ṣe ló máa padà máa pinnu, tí gbèsè náà á sì padà sọ́rùn ẹ̀. Àmọ́ kò tiẹ̀ dé ibẹ̀. Ọjà owó gbóná, pọ́n-ùn já wálẹ̀, wọ́n lé Kwarteng lọ́jọ́ 14 oṣù kẹwàá, Hunt dé, lọ́jọ́ 17 ó ní ká gbàgbé ẹ̀. Kò tó oṣù kan. Truss náà lo ọjọ́ 49 péré, ó gba ilé ẹ̀ lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ni iye tí Hunt dá, torí òun ló ṣe pàtàkì ju orúkọ àwọn èèyàn yẹn lọ. Ó ní fífagi lé e á ná ìjọba ní nǹkan bíi £2 bílíọ̀nù lọ́dọọdún. Ẹgbẹ́ yòówù tó bá ní òun máa pa IR35 rẹ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ ká bi wọ́n nìyẹn: ibo lẹ ti máa rí owó yẹn? Reform UK kọ ọ́ sínú ìlérí ìbò wọn ní 2024 pé àwọn máa fòpin sí i, ó wu ọ̀pọ̀ contractor gbọ́, ó wu èmi náà gbọ́. Àwọn míì sì wà láàárín wa tó rò pé torí Kemi Badenoch, ọmọ Yorùbá, di olórí ẹgbẹ́ Conservative ní oṣù kọkànlá 2024, ọ̀rọ̀ wa máa yàtọ̀ tó bá wọlé. Ẹ̀yin tèmi, ẹgbẹ́ Conservative yẹn ló ṣe ti 2017, òun náà ló ṣe ti 2021. Bóyá ọmọ wa ni tàbí ọmọ ẹlòmíì, ohun tó bá wà nínú ìwé ètò ìnáwó ẹ̀ lẹ máa wò. Labour tó wọlé ní oṣù keje 2024 ò fọwọ́ kan ìpìlẹ̀ IR35, ibòmíì ni wọ́n gbé ọwọ́ sí.

Ibòmíì yẹn gan-an ni mo ní wọn ò pariwo ẹ̀ tó. Ẹ kà á bọ̀ látẹ̀yìn. Owó dividend tí wọn kì í gbowó orí lé jẹ́ £5,000 lọ́dún 2016, ó di £2,000 ní 2018, £1,000 ní 2023, £500 ní 2024. Owó orí kọ́ńpìnnì kúrò ní 19% ó di 25% ní oṣù kẹrin 2023, ẹni tí èrè ẹ̀ ò kọjá £50,000 nìkan ló ṣì wà lórí 19%, ẹni tó wà láàárín £50,000 sí £250,000 ń san nǹkan tó wà láàárín. Rachel Reeves, mínísítà ìṣúná Labour nígbà yẹn, wá gbé National Insurance agbanisíṣẹ́ láti 13.8% lọ sí 15% ní oṣù kẹrin 2025, ó sì fa ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ wálẹ̀ láti £9,100 sí £5,000. Láti oṣù kẹrin 2026, owó orí dividend fi ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún gòkè, ó di 10.75% fún àwọn tó wà nísàlẹ̀ àti 35.75% fún àwọn tó wà lókè. £12,570 tí wọn kì í gbowó orí lé sì dúró gbagidi síbẹ̀ láti 2021, wọ́n ní ó di 2031.

Ẹ jẹ́ ká fowó gidi ṣe é. Ká ní £400 ni wọ́n ń san fún ẹ lójúmọ́, o ṣiṣẹ́ ọjọ́ 220, £88,000 nìyẹn. Tó bá jẹ́ inside, tó o gba umbrella, umbrella á kọ́kọ́ yọ National Insurance agbanisíṣẹ́, nǹkan bíi £10,600, owó apprenticeship díẹ̀ (owó tí agbanisíṣẹ́ ń san fún ètò ìkọ́ṣẹ́), àti owó iṣẹ́ tiwọn, ká pè é ní £1,150 lọ́dún. Èyí tó kù, tó máa jẹ́ bíi £75,800, ni owó oṣù ẹ gan-an, orí ẹ̀ ni wọ́n á ti wá yọ owó orí àti National Insurance tìẹ. Nǹkan bíi £54,500 lá wọlé, láìtíì ka pẹ́ńṣàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bínú pé umbrella ń ja yín lólè, ibí ni ìbínú yẹn ti ń wá, torí owó tí éjẹ́ǹsì dá fún yín lójúmọ́ kì í ṣe owó oṣù yín, owó tí gbogbo ìnáwó agbanisíṣẹ́ máa jáde látinú ẹ̀ ni. Ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó gbà.

Tó bá jẹ́ outside, £88,000 kan náà, kọ́ńpìnnì ẹ san £12,570 fún ẹ bí owó oṣù, ó ná £2,000 sórí akaǹtáǹtì àti ìnṣọ́ránsì, ó san owó orí kọ́ńpìnnì, nǹkan bíi £15,400, o wá kó gbogbo èyí tó kù bíi dividend. Nígbà tó o bá san owó orí dividend tán lọ́dún tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2026, nǹkan bíi £58,600 lo máa mú lọ sílé. Ìyàtọ̀ ẹ̀ jẹ́ £4,100, kò sí owó ìsinmi, kò sí owó àìsàn, kò sẹ́ni tó ń bá ẹ fi kún pẹ́ńṣàn. Ẹni tó bá lè fi owó díẹ̀ sílẹ̀ nínú kọ́ńpìnnì tàbí tó rọ́ ọ sí pẹ́ńṣàn látinú kọ́ńpìnnì máa jèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìjà inside àti outside tí gbogbo ayé ń jà yìí, owó tó wà nídìí ẹ̀ ti dín kù, kì í sì í ṣe IR35 ló dín in kù.

Ibi tí mo ti ń bẹ̀rù fún àwọn èèyàn wa jù wá kù. Nígbà tí inside bá ka èèyàn láyà, ẹnìkan á wá bá a lórí fóònù, á ní òun mọ umbrella kan tó máa jẹ́ kó mú 85% lọ sílé. Irú ẹ̀ náà ló gbilẹ̀ nígbà kan, wọ́n ń san owó oṣù kékeré, wọ́n á wá fi èyí tó kù ránṣẹ́ bí "yíyá" látinú trust kan (àpò owó tí ẹlòmíì ń bójú tó) lókè òkun, yíyá tẹ́nìkan ò ní dá padà láéláé. HMRC pè é ní owó oṣù, ìjọba sì ṣe loan charge, ìyẹn owó orí lórí àwọn yíyá yẹn, ní 2017 tó dé sórí àwọn èèyàn ní oṣù kẹrin 2019, ó kọ́kọ́ padà sẹ́yìn títí dé 1999 kí wọ́n tó gé e sí oṣù Disẹ́ńbà 2010 lẹ́yìn àyẹ̀wò tí ìjọba ní kí Amyas Morse ṣe. Nǹkan bí 50,000 èèyàn ló kàn, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, olùkọ́ wà níbẹ̀, àwọn kan gbẹ̀mí ara wọn torí ẹ̀. Lójú tèmi ìjọba ṣàṣìṣe níbẹ̀, torí àwọn tó ń ta ètò yẹn kó owó wọn lọ, ẹni tí wọ́n tà á fún ni wọ́n ń lé. Láti oṣù kẹrin 2026 òfin tuntun ti wà pé tí umbrella ò bá san owó orí tó yẹ kó san, éjẹ́ǹsì náà máa dáhùn fún un, ìyẹn dáa, àmọ́ kò sọ pé kíwọ má yẹ páysílìpù ẹ wò. Tí owó tó wọ àkáúǹtì ẹ bá ju èyí tó wà lórí páysílìpù lọ, sá.

Ẹ̀yin sole trader tẹ́ ẹ ti ń fọkàn balẹ̀ látìgbà tí mo ti ní IR35 ò kàn yín, tiyín náà ti dé o. Láti oṣù kẹrin 2026, ẹni tí owó tó ń wọlé fún un látinú iṣẹ́ ara ẹ̀ àti ilé tó ń háyà bá ju £50,000 lọ, kì í ṣe èrè o, gbogbo owó tó wọlé kẹ́ ẹ tó yọ ìnáwó, gbọ́dọ̀ máa fi ìṣirò ránṣẹ́ sí HMRC lórí sọ́fúwíà lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, yàtọ̀ sí ti ìparí ọdún. Ó máa di £30,000 ní 2027, £20,000 ní 2028. Àkọ́kọ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé kó tó di ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ 2026, nítorí náà ẹ tètè lọ kó àwọn rìsíìtì tẹ́ ẹ rọ́ sínú ọ̀rá yẹn jáde.